Korobá Tó Ń Jẹ Oògùn Kòkó

Moróhunfọ́lá, tí gbogbo Ìsọlọ́-Òpin ń pè ní Ìyá Ayọ̀kúnlé, kò kàwé kọjá prámárì mẹ́ta, ṣùgbọ́n obìnrin tó lójú inú ni. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló ń tọ́jú oko kòkó wọn.

Lọ́dún tí òjò pọ̀ jù, kòkó ń dúdú lórí igi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń fín oògùn búlúù sí i. Àwọn aládùúgbò oko ní ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn. Ìyá Ayọ̀kúnlé ò bá wọn bú ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ bu oògùn tó ti rẹ sínú korobá onírin láti àná, ló bá rí i pé àwọ̀ búlúù omi náà ti ṣá, inú korobá sì ti pọ́n bíi bàbà.

"Àṣé ìwọ ló ń jẹ oògùn mi!"

Ó rẹ òmíràn sínú ike, ó fi fín apá òkè oko. Ti korobá ló fi fín apá odò. Kí oṣù tó parí, kòkó apá òkè ń dán, ti apá odò dúdú bí èédú.

Nígbà tó sọ ọ́ ní ìpàdé àgbẹ̀, Oyèdìran alága bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, korobá tún ń mu oògùn ni?"

Fẹ̀hìntolúwa, tíṣà kẹ́mísìrì ní ìlú Òsì, tó sin bàbá rẹ̀ wá, kò rẹ́rìn-ín. Ó da oògùn sínú ife, ó ju ìṣó sí i. Kò pẹ́ tí bàbà fi bo ìṣó.

"Òótọ́ ni Ìyá sọ. Bàbà inú oògùn yìí ló ń pa àrùn. Irin ń fún un ní ohun tín-ín-tín kan tó ń jẹ́ ẹlẹ́tírọ́ọ̀nù. Irin tó fi í sílẹ̀ ti ṣe ọ́kísídéṣọ̀n, ó ń yòrò sínú omi. Bàbà tó gbà á ti ṣe rìdọ́kíṣọ̀n, ó kúrò nínú oògùn, ó lẹ̀ mọ́ irin. Ọ̀kan kì í ṣẹlẹ̀ kí èkejì má ṣẹlẹ̀."

"Bí kò bá sí ẹni tó máa gbà, ta lèèyàn fẹ́ fún?" ni Ìyá dá a lóhùn.

Tíṣà pàtẹ́wọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ wá sọ ọ́ báyẹn fáwọn ọmọ mi."

Lọ́jọ́bọ̀, ní kíláàsì Tíṣà, ọmọ méjìlélógójì dìde kí i. Ó gbé korobá sórí tábìlì, ó sọ ohun tójú rẹ̀ rí. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tófúnmi béèrè ẹni tó kọ́ ọ.

"Mo wò ó ni," ó ní, "mo sì tún un wò."

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Orí rẹ̀ wú débi pé ó gbàgbé korobá síbẹ̀.