Ẹ̀rọ Tó Ń Ṣe Àlùwàlá

Nílé ọkọ mi, lẹ́bàá Ìyànà Ọ̀fà, èèyàn lè pẹ́ jí, ó lè fọ́ àwo, ó lè gbàgbé ẹran sórí iná kó jóná. Ìyá ọkọ mi á rojọ́ rẹ̀ fún ọjọ́ kan, wọ́n á sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n kó o fi ọwọ́ tó ò fọ̀ kan oúnjẹ, wọ́n á máa rántí rẹ̀ títí ọmọ ọmọ rẹ yóò fi gbéyàwó. Ọ̀sẹ̀ tí mo wọlé ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, mo sì kọ́ ọ dáadáa. Dáadáa tí mo kọ́ ọ yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé ìyá ọkọ mi kúrò nídìí agbada tí wọ́n fi ń yan gàrí.

Àwa obìnrin méje la jọ ń ṣe gàrí lábẹ́ páànù kan lẹ́yìn ilé. Àwọn ọmọdé àti ẹni tí kò tíì mọ iṣẹ́ ló ń bẹ ẹ̀gẹ́; ìdí agbada, ti àgbà ni. Ìyá ọkọ mi ló ń yan, etí ni wọ́n sì fi ń mọ̀ bó bá ti gbẹ. Wọ́n á bu ẹ̀kúnwọ́, wọ́n á gbé e sókè létí, wọ́n á jẹ́ kó ṣàn padà sínú agbada. Bó bá dún ṣàà, ó ti tó. Bó bá já pọ̀, ó kù díẹ̀ kó gbẹ.

Kò sẹ́ni tó ń bá wọn jiyàn, títí di ìgbà òjò kan tí ilé-ìwé tó máa ń ra gàrí wa fún àwọn ọmọ tó ń gbé inú ọgbà kó àpò mẹ́ta padà wá. Gàrí náà ti bu, ó hewú ju bàbá ọkọ mi lọ. Ìyá Ìbejì, ẹni tó ń bá wa tọ́jú yàrá tí à ń kó gàrí sí, sọ ọ́ sáfẹ́fẹ́ pé bí eyín ṣe ń gbó náà ni etí ń gbó. Ìyá ọkọ mi gbọ́. Etí wọn ò tíì gbó tó bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́ sí i ni àǹtí àgíríkì, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀, dé láti ọ́fíìsì, ó gbé ẹ̀rọ kan wá nínú páálí. Ó ní gàrí tí a bá tètè sọ̀ kalẹ̀ á bu, èyí tó bá pẹ́ jù lórí iná á jó, òfò sì ni méjèèjì. Ó ní ẹ̀rọ yìí gbọ́n, ó mọ ìgbà tí gàrí gbẹ gẹ́lẹ́. Kò ju rédíò kékeré lọ, ó ní eyín gígùn méjì. A ó bu gàrí sínú ife, a ó gún eyín rẹ̀ bọ̀ ọ́. Bí omi bá ṣẹ́kù níbẹ̀, iná pupa á tàn, á sì máa ké. Bó bá ti gbẹ, iná aláwọ̀ ewé á tàn, á dákẹ́.

Ó bèèrè ẹni tó kàwé láàárín wa, gbogbo ojú sì yí sí mi. Lóòótọ́, mo ka ìwé mẹ́wàá. Mo gba kírẹ́díìtì nínú Àgíríkì. Wọn ò bèèrè ti Físíìsì, èmi náà ò sì sọ. Ìgbà tí ọmọ mi fi mu ọmú ẹ̀gbẹ́ kan tán ni àǹtí fi kọ́ mi. Ohun tó sọ kẹ́yìn ni pé kí eyín ẹ̀rọ náà máa mọ́ nígbà gbogbo. Èyí ló wọ̀ mí létí jù.

Kó tó lọ, ìyá ọkọ mi sọ̀rọ̀ lójú gbogbo wa.

"Bí nǹkan yìí bá fi lè ní gàrí mi ò gbẹ, mo ti dìde nídìí agbada nìyẹn. Màá lọ bá àwọn ọmọdé bẹ ẹ̀gẹ́."

Ẹni tí kì í kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ ni wọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, mo pọn ọmọ mi, mo fọwọ́, mo ri eyín ẹ̀rọ náà sínú abọ́ omi tó mọ́ lóló, mo ní bísímílàhí, mo gún un bọ inú gàrí ìyá ọkọ mi. Ó ké bí ọmọ adìyẹ tí àṣá gbé. Wọ́n wò ó. Wọ́n bu gàrí sétí, ṣàà. Síbẹ̀, wọ́n ń yan án lọ. Mo tún fọ eyín rẹ̀, mo tún gún un, ó tún ké. Báyìí la ṣe é títí gàrí fi dà bíi kọfí. A rẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ wò. Ó léfòó, kò rì, kò wú, ó kàn ń wò wá. Ewúrẹ́ gbóòórùn rẹ̀, ó sín, ó bá tirẹ̀ lọ. Agbada mẹ́ta ló bá a lọ bẹ́ẹ̀, lọ́dọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ní kó wá dín òfò kù.

Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gbà mí nímọ̀ràn. Ọ̀kan ní bóyá a ò kí i ni, ó sì kúnlẹ̀ fún un lóòótọ́, ó kí i kú iṣẹ́. Òmíràn ní igbe ebi ni, kí n fún un lọ́mú. Èmi ọ̀mọ̀wé ní bátìrì ni. Mo lọ yọ bátìrì inú rédíò bàbá ọkọ mi. Ẹ̀rọ wá lókun láti ké dáadáa, bàbá ò sì gbọ́ ìròyìn lọ́jọ́ náà.

Ìyá ọkọ mi dìde. Wọ́n gbé àpótí ìjókòó wọn, wọ́n lọ jókòó sáàárín àwọn ọmọdé, wọ́n mú ọ̀bẹ. Ó dùn mí wọra. Ìyá tèmi ti kú kí n tó bímọ. Ìyá ọkọ mi ló fi omi gbígbóná jó ikùn mi nígbà tí mo bímọ, tí mo ń pariwo, tí wọ́n ń ní kí n pariwo dáadáa, pé kò sí abiyamọ tí kì í pariwo. Èmi yìí náà ni mo wá gbé ẹ̀rọ tì wọ́n kúrò ní ipò wọn.

Ìyá Ìbejì ló bọ́ sídìí agbada. Ó yan tirẹ̀, mo fọ eyín ẹ̀rọ, mo gún un, ó ké fún òun náà. Kí n má parọ́, inú mi dùn díẹ̀. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn ìyá ọkọ mi láàárín èèpo ẹ̀gẹ́.

"Ìyàwó, kí lò ń fi nǹkan yẹn ṣe nínú omi?"

"Mò ń fọ̀ ọ́ ni, mà."

"Ní gbogbo ìgbà?"

"Ní gbogbo ìgbà, mà. Ẹ̀yin lẹ ní ohunkóhun tó bá fẹ́ kan oúnjẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ ná."

Wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Lèmọ́mù gan-an kì í ṣe àlùwàlá tó báyìí. Òun fúnra rẹ̀ ń ti inú omi bọ̀, ó wá ń pariwo pé omi wà nínú gàrí mi."

Wọ́n fi etí ìró wọn nu eyín ẹ̀rọ náà, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná fọ́mọ. Wọ́n da gàrí tuntun sí agbada, wọ́n ń fi èéfọ́ igbá yí i. Nígbà tó ṣì ń já pọ̀, wọ́n ní kí n gún un. Ó ké. Wọ́n ní òótọ́ ló sọ. Nígbà tó dún ṣàà, gbogbo wa na ọrùn bí ẹni ń wá oṣù ààwẹ̀. Iná aláwọ̀ ewé tàn. Ẹ̀rọ dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Wọn ò tíì ṣe tán. Wọ́n gba ẹ̀rọ náà, wọ́n wọ yàrá gàrí, wọ́n ń gún àpò kọ̀ọ̀kan bíi dókítà, wọ́n ń nu eyín rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn àpò òkè dákẹ́. Gbogbo èyí tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì ló ké.

"Ìyá Ìbejì," ni wọ́n wí, "etí mi ò tíì gbó. Ilẹ̀ rẹ ló ń mu omi."

Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ ló wá pákó tí a tẹ́ sábẹ́ àpò.

Ìyá ọkọ mi padà sídìí agbada wọn. Wọ́n ní kí èmi lọ bẹ ẹ̀gẹ́ títí ọwọ́ mi yóò fi gbẹ. Níbi tí mo ti ń bẹ ẹ́, wọ́n gba ẹ̀yìn mi kọjá, wọ́n dúró, wọ́n rọra fi eyín ẹ̀rọ kan etí ọ̀já tí mo fi pọn ọmọ. Ó ké.

"Ó mọṣẹ́," ni wọ́n wí, wọ́n sì tú ọmọ lẹ́yìn mi, wọ́n gbé e lọ pààrọ̀ aṣọ rẹ̀.