Wáyà Tó Sùn Sínú Páálí

Ọ̀gá mi kò fi bọpo bọyọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní, "Rùkáyátù, tó o bá dé Maitama tí o ò rí iṣẹ́ náà ṣe, ìdí káńtà lo máa padà sí o." Ọdún méjì gbáko ni mo ti lò nídìí káńtà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Àbújá, tí mò ń nu eruku lára tẹlifíṣọ̀n tí àwọn ọkùnrin méjì tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń gbé lọ so mọ́ ògiri oníbàárà. Mo ti fojú kọ́ iṣẹ́ náà lára wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fún mi láyè. Ọjọ́ tí àwọn méjèèjì jọ lọ ṣiṣẹ́ ní Abaji ni Ọlọ́run rántí mi.

Bàbá ọmọ Èkìtì kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló ní tẹlifíṣọ̀n náà. Dádì la máa ń pè wọ́n. Wọ́n ra tẹlifíṣọ̀n HD ńlá kan, irú èyí tí àwòrán rẹ̀ máa ń mọ́ kedere, lọ́wọ́ wa, oníná àdúgbò wọn ló sì bá wọn so ó. Kò ju ọjọ́ méjì lọ tí wọ́n fi pe ọ̀gá mi pé ayédèrú la tà fáwọn, pé àwòrán rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, àti pé àwọn máa dá a padà.

Nígbà tí mo débẹ̀, Dádì wò mí látòkè délẹ̀. "Technician dà?"

"Èmi ni wọ́n rán, sà."

Ìyàwó wọn ló gbà mí sílẹ̀. Mọ́mì ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kó try ẹ̀ ná."

Ìwàǹwára ló ṣe mí. Láìyẹ ohunkóhun wò, mo gun òrùlé lọ, mo yí díìṣì. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, ìwọ̀nba àwòrán tó wà tẹ́lẹ̀ ti lọ. Dádì gbé fóònù, wọ́n pe ọ̀gá mi, wọ́n ní, "Alhaji, ọmọ tẹ́ ẹ rán ti ba èyí tó kù jẹ́." Mo ti ń rí káńtà lọ́ọ̀ọ́kán. Mo tún gun òrùlé náà, ibi tí irin díìṣì ti dípẹtà ló jẹ́ kí n mọ ojú ibi tó kọ sí tẹ́lẹ̀, mo sì dá a padà síbẹ̀.

Nígbà tí àwòrán bàìbàì náà padà dé, mo jókòó, mo fara balẹ̀. Mo tẹ rìmóòtù, tẹlifíṣọ̀n sì kọ 576 sí igun, ìyẹn iye ìlà àwòrán tó ń wọlé sínú rẹ̀. Ìlà tín-ínrín tín-ínrín tí a tò léra ni àwòrán, bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń mọ́ tó. Tẹlifíṣọ̀n yìí lè gba ìlà 1080. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ohun tí wọ́n ń fún un jẹ ni kò tó o. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí wáyà ẹlẹ́nu mẹ́ta ayé àtijọ́ tí wọ́n fi so ó mọ́ dẹkódà, àpótí tó ń gba àwòrán láti ara díìṣì: yẹ́lò, pupa, funfun. Yẹ́lò nìkan ló ń gbé àwòrán, kò sì lágbára àtigbé HD láéláé. Bẹ́ẹ̀ Mọ́mì sọ fún mi pé dẹkódà HD ni ọmọ wọn rà fún wọn.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà, páálí dẹkódà yìí dà?"

"Ó wà lórí wọ́dúróòbù. A ò tú u tán o. Dẹkódà àti rìmóòtù nìkan la mú níbẹ̀."

Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ wá. Tá a bá ra nǹkan gidi, páálí rẹ̀ di ohun ìní, ọ̀rá inú rẹ̀ pàápàá a kì í ya á. Inú ọ̀rá náà ni wáyà HDMI, èyí tó lè gbé HD, ká jọ sí, dúdú, ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ kan ṣoṣo. Mo tì í bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀yìn dẹkódà, mo yí dẹkódà sí 1080.

Àwòrán yọ kedere. Dádì dìde, wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n yọ jígí ojú wọn, wọ́n tún un wọ̀. Wọ́n ní, "Ọkùnrin tó ń ka ìròyìn yìí ò mà fá irùngbọ̀n ẹ̀ dáadáa." Mọ́mì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wá àga jókòó. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.

Dádì tún pe ọ̀gá mi. "Alhaji, ẹ má rán ẹlòmíì wá sílé mi mọ́. Rùkáyátù ni mo fẹ́."

Mi ò padà sídìí káńtà mọ́. Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Jikwoyi báyìí, ilé yòówù kí n wọ̀, kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, màá ní kí wọ́n bá mi gbé páálí wá. Ọmọbìnrin méjì ló ti kọ́ṣẹ́ yọrí lọ́wọ́ mi. Kò sí ìkankan nínú wọn tó nu eruku ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.