Ẹni Tó Ń Kọ́kọ́ Tọ́ Ọ Wò

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a jọ lò kẹ́yìn, ìyàwó mi bá mi wí nítorí àlùbọ́sà. Ó ní mo gé e nípọn jù, bí ẹni tó fẹ́ fi dí ihò ògiri. Mo ní ikùn tó ń lọ kò ní wọ̀n ọ́n wò. Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, ó tún gbogbo rẹ̀ gé, èmi sì lọ wá ọ̀já àǹkárá tí a fi ń so ìdérí kúlà ńlá wa, nítorí ìkọ́ rẹ̀ ti kán tipẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata tí kò ta jù ló wà lórí iná, oúnjẹ ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù kékeré kan ní Onitsha níbí, nínú irú líìgì tí rédíò kì í dárúkọ. Lọ́dún náà, ìdí tábìlì ni wọ́n wà. Wọ́n ti fìdí rẹmi léraléra débi pé àwọn alátìlẹ́yìn wọn ń wá sí pápá kí wọ́n lè rí ẹni fi ṣẹ̀fẹ̀. Ikọ̀ tó ń bọ̀ wá bá wọn gbá ti wá láti ilẹ̀ Yorùbá, òun ló wà lókè tente, kò sì sẹ́ni tó tíì nà án látìgbà tí òjò ti dá. Bí àwọn ọmọ wa bá pàdánù, a jẹ́ pé wọ́n ti já kúrò nínú líìgì náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn ìyàwó mi ju bọ́ọ̀lù lọ. Kò mọ̀ bóyá àwọn ọmọ náà yóò tún jẹun lọ́wọ́ òun.

Nínú irú bọ́ọ̀lù yìí, ẹnikẹ́ni kì í fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Ikọ̀ àlejò kì í wọ yàrá tí a bá yà sọ́tọ̀ fún wọn, inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n ti ń wọṣọ ìṣeré. Bí wọ́n bá rí ibi tí ògiri pápá ti wó, ibẹ̀ ni wọn yóò gbà wọlé dípò ẹnu géètì. Onílé pàápàá kì í mu omi tí kò fọwọ́ ara rẹ̀ rà. Bí bọ́ọ̀lù bá lu òpó, aṣọ́lé á kọ́kọ́ wo ìdí òpó náà bóyá ẹnìkan ti ri nǹkan mọ́bẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, gbogbo rẹ̀ sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Bí ìyàwó mi ṣe di alásè wọn náà kò ṣẹ̀yìn ìfura. Nígbà kan, wọ́n jẹ oúnjẹ ọ̀sán níbì kan, inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í run wọ́n lórí pápá, wọ́n ń sá jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Kóòṣì wọn wá alásè tí kò ní ìbátan kankan nínú líìgì náà. Ó dé ìsọ̀ oúnjẹ ìyàwó mi lẹ́bàá Main Market. "Màmá," ó ní, "ẹ̀yin kì í ṣe ará ibí. Ẹ ò ní ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní àna láàárín wọn. Ẹ̀yin gan-an ni mò ń wá." Nítorí pé ó jẹ́ àjèjì ni wọ́n ṣe gbà á.

Òun fúnra rẹ̀ ló dá àṣà kan sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan oúnjẹ, yóò bu ìrẹsì àti ọbẹ̀ lójú gbogbo wọn, yóò jẹ ẹ́, yóò gbé e mì, yóò wá la ẹnu bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lóògùn. Àwọn ọmọ náà á pàtẹ́wọ́, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara wọn kúrò lójú ọ̀nà.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni wàhálà dé. Bọ́ọ̀sì àwọn àlejò dúró níwájú ìsọ̀ náà, ọkùnrin tó ń tọ́jú aṣọ ìṣeré wọn sì sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un ní páàkì pé obìnrin Yorùbá kan ń ta oúnjẹ níbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Màmá, oúnjẹ òtẹ́ẹ̀lì yẹn ò wọ̀ wá lójú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa se nǹkan di alẹ́."

Ìyàwó mi ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé èmi ni mo ń se ti àwọn tí ẹ wá bá gbá?"

"Ọmọ ìyá kan náà ni wá, mà."

Ó se é. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin náà padà wá, ṣùgbọ́n kò gbé abọ́ kankan lọ́wọ́. Ó ń wo bàtà ara rẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Àwọn ọ̀gá wa ní ìkòkò kan ò lè bọ́ ológbò kó tún bọ́ eku."

"Èwo ni tiyín níbẹ̀?" ìyàwó mi bi í. Ó ta oúnjẹ náà fún àwọn oníbàárà rẹ̀, ó sì wá ròyìn rẹ̀ fún mi bí àwàdà. Kò mọ̀ pé ẹnìkan ti ya àwòrán ọkùnrin náà níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí, bọ́ọ̀sì wọn lẹ́yìn rẹ̀, ìyàwó mi níwájú rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwòrán náà ti wà lórí fóònù gbogbo ẹni tó ń bá ikọ̀ wa lọ. Aládùúgbò wa kan ló fi hàn wá láàárọ̀ náà, kí ìyàwó mi tó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi. Ó wò ó, ó ní gèlè òun wọ́ nínú rẹ̀. Ó wá padà sídìí àlùbọ́sà.

Kẹ̀kẹ́ ló gbé wa dé pápá. Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n ti máa ń jẹun. Bí a ti ń gbé kúlà bọ̀, mo rí i pé wọn kò wo ojú wa. Ọ̀rá búrẹ́dì wà nílẹ̀.

Kóòṣì ní, "Màmá, àwọn ọmọ ti jẹ búrẹ́dì."

"Búrẹ́dì? Ta ló bá wọn tọ́ ọ wò?"

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Balógun ikọ̀, ọmọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan tó ń ta táìlì ní Ogidi láàárín ọ̀sẹ̀, na fóònù rẹ̀ síwájú. "Màmá, ẹni yìí dọ̀bálẹ̀ fún yín. Kí ló ń bẹ̀ yín fún?"

"Oúnjẹ ló bẹ̀. Wọn ò sì jẹ ẹ́. Ẹ̀yin ni wọ́n ń bẹ̀rù."

"Èyí tí wọn ò jẹ yẹn lẹ gbé wá fún wa?" Aṣọ́lé ló sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tí ẹnu rẹ̀ mú. Òun ló máa ń kọ́kọ́ na abọ́ tẹ́lẹ̀.

Ìyàwó mi tú ọ̀já àǹkárá náà. Ó bu ìrẹsì, ó da ọbẹ̀ lé e, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì, ó la ẹnu. Kò sẹ́ni tó na abọ́. Ó wá dé kúlà padà, ó jókòó lé e, ó sì ń mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè. "Tíṣà," ó pè mí, "ẹ bu tiyín." Mo dúró jẹ ẹ́ níbẹ̀. Bí mo ti ń jẹ ẹ́, mò ń wò wọ́n lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń wá ẹni tó ya àwòrán náà. Ojú gbogbo wọn jọ ojú ẹni tó yà á.

Ó ní kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn òǹwòran. Àwọn tó ń ti bárò ní Main Market ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀, ebi sì ń pa wọ́n. Wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀kan nínú wọn gba abọ́, ó wò ó, ó yíjú sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. "Bí mo bá kú, ẹ sọ fún ìyàwó mi pé ìrẹsì ló pa mí. Kó má lọ máa wá obìnrin kankan kiri." Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní kí wọ́n bu òmíràn, kí ikú náà lè tètè dé. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ pọ̀ nínú kúlà ju bí a ṣe lè tò wọ́n lọ.

Eré bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn àlejò mọ bọ́ọ̀lù í gbá ju àwọn ọmọ wa lọ, ṣùgbọ́n mo rí ọ̀kan nínú wọn tó tẹ̀ba, tó fọwọ́ lé orúnkún. Àwọn náà kò jẹ ju bísíkíìtì lọ. Ikọ̀ méjì tí ebi ń pa ni, wọ́n ń fura síra wọn lórí pápá tí oòrùn ti gbẹ. Nígbà tí wọ́n fọn fèrè ìsinmi, kò tíì sí góòlù kankan.

Aṣọ́lé wa rìn wá sétí okùn tí wọ́n fi yí pápá ká. Ó wo ẹ̀yìn bóyá Kóòṣì ń wò ó.

"Màmá, ó kù?"

"Ìsàlẹ̀ ló kù. Ó ti jóná díẹ̀."

"Mo fẹ́ràn èyí tó jóná."

Ìyàwó mi kò kàn bu ú fún un. Ó kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀, ó la ẹnu fún un, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbé abọ́ náà lé e lọ́wọ́. Ọmọ náà fi ìbọ̀wọ́ rẹ̀ há abíyá, ó sì ń jẹ ẹ́ lóòró. "Ẹ má sọ fún Kóòṣì o," ó ní.

Lẹ́yìn ìsinmi, bọ́ọ̀lù lu òpó rẹ̀, ó sì sáré lọ wo ìdí òpó náà kó tó rántí padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí eré ń parí lọ, ó fò, ó fi ìka ta bọ́ọ̀lù kan sọnù tí gbogbo wa ti kà sí góòlù. Ọ̀mì ni wọ́n ta. Àwọn oníbárò kọrin bí ẹni pé ikọ̀ wa ló gba ife, nítorí ìrètí ṣì kù.

Nílé, ìyàwó mi fọ kúlà náà, ó da ojú rẹ̀ délẹ̀ kí omi rẹ̀ lè ro. Ó ní, "Tíṣà, ẹ wá bá mi tú bọ́tìnnì ẹ̀yìn yìí, ooru ń mú mi." Mo tú u. A kò tíì dé ilé ìwòsàn tó fi dákẹ́. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé ọkàn rẹ̀ ti ń jà tipẹ́. Mo gbà á gbọ́. Mo ti gbọ́ bó ṣe ń mí lórí kúlà.

Ṣùgbọ́n ní pápá, ìtumọ̀ mìíràn ni wọ́n fún un. Ṣé òun ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́? Òun náà ló kọ́kọ́ kú. Mo gbọ́ pé aṣọ́lé mu epo pupa lálẹ́ ọjọ́ náà títí ó fi bì, àwọn oníbárò náà sì ra epo, wọ́n ń gbé ìgò rẹ̀ káàkiri láàárín ara wọn. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ṣàìsàn. Èmi tí mo jẹ abọ́ kan gbáko náà kò ṣàìsàn. Ìyẹn kò dá wọn lẹ́kun. Kóòṣì wá bá mi kẹ́dùn. "Ndo, Tíṣà," ó ní, bí wọ́n ṣe ń bá ọlọ́fọ̀ kẹ́dùn níbí. Mo gbé omi fún un. Ó dì í mú títí ó fi dìde, ó sì gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bí mo ṣe gbé e fún un.

A gbé òkú rẹ̀ lọ sí ìlú wa nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fà mí sẹ́yìn ilé. "Kí ló jẹ kẹ́yìn? Ta ló gbé e fún un láàárín àwọn èèyàn yẹn?" Mo ní oúnjẹ ọwọ́ ara rẹ̀ ni. Ó wò mí títí. Mo rí i pé èmi gan-an ló wá kù tó ń fura sí.

Àwọn ọmọ wa, tí iṣẹ́ ti gbé lọ sí Abuja àti Èkó, ní kí n má padà sí Onitsha mọ́. Mo padà. Bí mo bá kúrò, ohun tí wọ́n ń sọ nípa ìyàwó mi ni yóò jókòó síbẹ̀ dípò wa.

Ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé èmi náà yóò kó àrùn ìfura yẹn. Aládùúgbò wa, ìyá àgbà kan tí òun àti ìyàwó mi máa ń jọ ṣa ẹ̀wà, ń gbé ọbẹ̀ wá fún mi ní alaalẹ́. Mo ń dúpẹ́, mo ń dé e, mo sì ń dà á nù tó bá di àárọ̀. Olùkọ́ ìṣirò. Mo mọ ohun tó pa ìyàwó mi, síbẹ̀ ọ̀fun mi kò gbà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, obìnrin náà kò lọ lẹ́yìn tó gbé abọ́ sílẹ̀. Ó ṣí i, ó ki ṣíbí bọ̀ ọ́, ó jẹ ẹ́, ó sì la ẹnu sí mi, eyín díẹ̀ tó kù níbẹ̀ ń dán.

"Ìyàwó rẹ ló kọ́ mi," ó ní. "Ó yá, jẹun."

Mo jẹ ẹ́ tán níwájú rẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀la kí ikọ̀ wa gbá èyí tó kẹ́yìn nílé lọ́dún náà, mo lọ ra ata. Láàárọ̀, mo dá iná. N kò tíì dá oúnjẹ ènìyàn mẹ́ta sè rí. Ìrẹsì àkọ́kọ́ di ẹ̀kọ, mo dà á fún adìyẹ aládùúgbò, mo tún òmíràn gbé kaná. Mo gé àlùbọ́sà bí mo ṣe mọ̀ ọ́n gé. Mo so kúlà náà, mo gbé e wọ kẹ̀kẹ́.

Lábẹ́ máńgòrò, mo gbé e kalẹ̀ láàárín wọn. Mo tú ọ̀já. Mo bu ìrẹsì, mo da ọbẹ̀ lé e, mo jẹ ẹ́. Iyọ̀ rẹ̀ kò tó. Mo gbé e mì, mo sì la ẹnu, èmi àgbàlagbà, níwájú àwọn tó kéré sí àwọn ọmọ mi.

Balógun ikọ̀ yí padà sídìí búrẹ́dì rẹ̀. Àwọn mìíràn ń wo ilẹ̀. Aṣọ́lé pẹ́ níbi tó wà, kó tó wá mú abọ́ rẹ̀ bọ̀, kò sì wẹ̀yìn lọ́tẹ̀ yìí. Mo bù fún un. Ó jẹ ẹnu kan, ó fi ṣíbí gbé nǹkan sókè.

"Tíṣà, àlùbọ́sà rèé àbí táìlì?"

"Jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀," mo ní.

Ó ń jẹ ẹ́. Mo ki ìgbákọ bọ kúlà, mo sì ní kí ẹni tó kàn mú abọ́ rẹ̀ wá.