Àwọ̀ Ọkọ̀ Ogun Inú Géèmù Wa

N kò rántí dáadáa bóyá inú yàrá ńlá ni tẹlifíṣọ̀n tí a fi ń gbá géèmù wà tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, n kò sì lè sọ bóyá mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Ẹyọ ohun kan ṣoṣo ni mo rò pé mo mọ̀ dájú: géèmù ìgbà èwe wa kò ní àwọ̀ kankan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìdánilójú yẹn náà fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Mò ń ṣa ẹ̀wà nílé wa ní Èjìgbò nígbà tí orin kékeré kan dún láti inú fóònù Bùṣírá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ mi dúró lórí àtẹ. Orin tó máa ń ṣáájú géèmù ọkọ̀ ogun wa ni. Mo dìde lọ wò ó: ọkọ̀ ogun náà pupa bí ata, koríko tutù yọ̀yọ̀, omi ń dán bí aró.

"Ta ló yí àwọ̀ rẹ̀ padà?"

"Kò sẹ́ni tó yí i, Àǹtí. Bó ṣe wà látilẹ̀ nìyẹn. Àbí ẹ̀yin náà ti gbá géèmù rí?"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Bùrọ̀dá Sùlé, àbúrò bàbá mi, ló gbé tẹlifíṣọ̀n náà bọ̀ láti Àbíjàn. Wọ́n fi mátírẹ́ẹ̀sì wé e bí ọmọ tuntun, ó sì la Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ kọjá láìfọ́. Ráfátù, ọmọ wọn tí wọ́n bí sọ́hùn-ún, bá wọn bọ̀. Ẹgbẹ́ mi ni, kò sì pẹ́ tí a fi di ọ̀rẹ́. Gbogbo àdúgbò wá kí wọn kú oríire. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ra ẹ̀rọ géèmù n'Íbàdàn, tí àwa ọmọdé sì ń tẹ́ ẹní síwájú rẹ̀ lẹ́yìn ìrun àsárì.

Eérú ni gbogbo ohun tí a ń rí. Ọkọ̀ eérú ń rìn lórí ilẹ̀ eérú, bíi pé ọyẹ́ kì í kúrò nílùú náà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo kọ ojú ewé mẹ́rin sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi pé géèmù òde òní ń fi àwọ̀ bo àìnítàn mọ́lẹ̀, pé géèmù wa nìkan ló mọ iyì ìrẹ̀lẹ̀. N kò mọ̀ pé àléébù ẹ̀rọ ni mo ń fi ọgbọ́n ìwé yìn.

Ráfátù kò gbà pẹ̀lú wa láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ó ní ọkọ̀ tòun pupa.

"Pupa dà? Àbí ojú Àbíjàn lo fi ń wò ó?" mo bi í.

"Mo ti gbá a lọ́hùn-ún nílé aládùúgbò wa. Wàláhì, pupa ni."

Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn. Ní iléekéwú wa, ẹni tó bá fi Ọlọ́run búra lórí irọ́ ti dẹ́ṣẹ̀ ńlá, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ sọ fún Àlùfáà. Èmi ni mo sọ. Àlùfáà bi wá léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan; gbogbo wa ní eérú ni. Ráfátù kúnlẹ̀ sínú oòrùn, ó na apá rẹ̀ méjèèjì sókè, kò sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Mo rò pé mo rí omijé lójú rẹ̀. Ó lè jẹ́ òógùn. Kò pè mí lórúkọ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Kí Iléyá tó dé, ó ti padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Àbíjàn. Àti ìgbà náà ni mo ti ń fi ìtàn Ráfátù onírọ́ pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà. Tẹlifíṣọ̀n ti di pẹlẹbẹ, ó ti gun ògiri, ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ń dá géèmù tirẹ̀ gbá. Ṣùgbọ́n bí ẹnu bá ti pọ̀ sójú kan, òótọ́ la ṣì ń pè é.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ kúnlẹ̀ kí Bùrọ̀dá Sùlé, tí wọ́n ti darúgbó báyìí, nílé wọn lọ́nà Masífà. Mo bi wọ́n léèrè. Wọ́n gbé tẹ̀sùbáà wọn sílẹ̀.

"Òótọ́ ni Ráfátù sọ. Bí wọ́n ṣe ń gbé àwọ̀ jáde lórí tẹlifíṣọ̀n Àbíjàn yàtọ̀ sí tibí. Tẹlifíṣọ̀n tí mo gbé bọ̀ ò lè fi àwọ̀ géèmù Ìbàdàn hàn."

"Ìgbà wo lẹ mọ̀, Bùrọ̀dá?"

"Ẹni tó ń tún rédíò ṣe ti sọ fún mi kí wọ́n tó fìyà jẹ Ráfátù. Ṣùgbọ́n gbogbo yín ti kí mi kú oríire tẹlifíṣọ̀n náà. Ojú ń tì mí." Wọ́n ní àwọn kọjá níwájú iléekéwú lọ́jọ́ náà, àwọn rí ọmọ àwọn lórí ìkúnlẹ̀, àwọn sì bá tàwọn lọ.

Mo gba nọ́ńbà Ráfátù lọ́wọ́ wọn. Mo pè é lórí fóònù. Mo tọrọ àforíjì, mo sì sọ ohun tí bàbá rẹ̀ wí fún un.

"Mo mọ̀," ó ní. "Mo rí bàbá mi nígbà tí wọ́n ń kọjá níwájú iléekéwú. Èmi ni mo ní kí wọ́n dá mi padà sọ́dọ̀ ìyá mi."