Ilé Mẹ́sàn-án tí Mo Fi Abẹ Fá

Inú ṣì ń bí mi. Mo ti dàgbà, eyín iwájú mi méjì ti yọ, ṣùgbọ́n tí mo bá gba ẹ̀yìn ọjà Ọ̀wọ̀ kọjá tí mo rí gbọ̀ngàn káńsù yẹn, ara mi á gbóná bíi pé àná ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀.

Èmi ni mo ya pílánì rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹjọ́ ẹlòmíràn nìkan ni mo fẹ́ rò.

Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí ìjọba ní kí ìlú máa dìbò yan àwọn tí yóò máa ṣòfin fún un, ilé ẹ̀kọ́ ìjọ wa ni àwọn káńsẹ́lọ̀ ń yá ṣe ìpàdé. Bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kékeré ni wọ́n ń jókòó sí, orúnkún wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wọn. Ẹ̀tẹ́ ni wọ́n ka èyí sí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ̀ngàn tiwọn, láàárín ìlú gan-an.

N kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Mo ti kọ́ iṣẹ́ àwòrán ilé yíyà ní Ìbàdàn, káńsù sì gbà mí síṣẹ́. Bàbá mi, tó jẹ́ olùkọ́ ìjọ Áńgílíkà, kò jẹ́ kí etí aládùúgbò sinmi: "Ọmọ mi ló ń ya ilé ìjọba!"

Ẹ̀yìn ọjà ni wọ́n ní àwọn ti rí ilẹ̀. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ láyé ọjọ́un mọ̀ pé kò sí ilẹ̀ níbẹ̀, ilé ló wà níbẹ̀. Ilé fara ti ilé, páànù gun orí páànù. Òjò tó bá rọ̀ sórí òrùlé aránṣọ, ẹ̀yìnkùlé alágbẹ̀dẹ ló ń ṣàn sí. Àwọn ìdílé Mùsùlùmí tí wọ́n ń fi ọwọ́ wọn ṣiṣẹ́ jẹun ló pọ̀ jù níbẹ̀. Akọ̀wé káńsù, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ṣòkòtò rẹ̀ máa ń gan fún sítáàṣì, ni ọ̀gá mi. Ó ní kí n kọ́kọ́ wọn gbogbo ibẹ̀, kí n ya ohun tó wà níbẹ̀ kí a tó ya ohun tí yóò wà níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wọ̀n ọ́n. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó fẹ́ bá mi di orí téèpù mú. Ìyá àgbàlagbà kan ló jáde wá, opó ni, aṣọ ló ń hun. Ó gba orí téèpù lọ́wọ́ mi, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri rẹ̀.

"Ọma mi," ó ní, bí wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Ọ̀wọ̀, "kí lẹ fẹ́ fi ìwọ̀n ilé wa ṣe?"

"Ìyá, káńsù fẹ́ kọ́lé síbí. A fẹ́ mọ ibi tí ilé yín dé, ká má baà kọlu yín."

Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, ìyá yìí ló ń mú mi kiri. Ó fi kànga hàn mí. Ó fi yàrá tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀ sí hàn mí, ó ní kí n má gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí mo ya ilé rẹ̀ tán, ó ní kí n fi ìlẹ̀kùn òun han òun. Mo mú ìka rẹ̀, mo gbé e lé e lórí ìwé. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bó ṣe kéré tó yìí, èmi ni mò ń gba ibẹ̀ wọlé!"

Pílánì tí mo kọ́kọ́ yà, mo ṣì lè fi ṣakọ. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi í sí ibi tí ọgbà tí káńsù ń ti ẹran tó bá ṣáko mọ́ wà tẹ́lẹ̀, tó ti wó. Kò ní kan ilé ẹnikẹ́ni. Lókè, mo ya ibi tí ará ìlú yóò jókòó sí, tí wọn yóò máa wo àwọn tó ń ṣòfin nísàlẹ̀. Èrò mi ni pé ẹni tó ń ṣòfin fún èèyàn, ó yẹ kí èèyàn lè máa wo ẹnu rẹ̀.

Akọ̀wé gbé e lọ fún alága káńsù. Nígbà tó gbé e padà, pẹ́ńsù pupa ti kún ojú rẹ̀. Wọ́n ti fagi lé ibi ìjókòó ará ìlú. Wọ́n ti fa ìlà yí ilé mẹ́sàn-án ká.

"Níbo ni ọkọ̀ àwọn káńsẹ́lọ̀ yóò dúró sí?" akọ̀wé bi mí.

"Ọ̀gá, mélòó nínú wọn ló ní ọkọ̀?"

"Mẹ́ta. Àwọn tó kù náà yóò rà."

Mo rò pé àwàdà ni. Àwàdà kọ́. Ó ní pílánì ń lọ sí Ìbàdàn fún àṣẹ, Ìbàdàn kò sì gbọdọ̀ rí ilé kankan níbẹ̀. "Fá wọn kúrò. Kọ 'ilẹ̀ òfìfo' síbẹ̀."

Orí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, tó mọ́ gaara bí èèpo àlùbọ́sà, la máa ń fi tàdáwà yàwòrán sí nígbà náà. Ohun tí a bá fẹ́ pa rẹ́, abẹ ìfárùngbọ̀n la fi ń fá a. Mo ní, "Ọ̀gá, èèyàn ló wà nínú àwọn ilé wọ̀nyí."

"Ṣé o mọ iye ẹni tó ń wá àga tí o jókòó lé yẹn?"

Mo rántí bàbá mi. Mo mú abẹ. Ilé alágbẹ̀dẹ ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ilé aránṣọ, ògiri kan tẹ̀ lé èkejì. Kànga lọ. Yàrá tí òkú wà lọ. Kí agogo oúnjẹ ọ̀sán tó lù, mo ti fá ilé mẹ́sàn-án, ìlẹ̀kùn ìyá ahunṣọ ni mo fá kẹ́yìn. Mo fẹ́ ìyẹ̀fun tàdáwà kúrò lórí tábìlì bí ẹni fẹ́ erùpẹ̀. Inú tó bí mi sí ara mi lọ́jọ́ náà kò tíì rọ̀.

Ìbàdàn fọwọ́ sí i. Káńsù pe ìpàdé ní ilé ẹ̀kọ́ wa láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbé pílánì kọ́ sára pátákó ìkọ̀wé. Àwọn ará ẹ̀yìn ọjà ti gbọ́, wọ́n wá dúró lójú fèrèsé, ọlọ́pàá káńsù sì ń tì wọ́n sẹ́yìn. Káńsẹ́lọ̀ kan láti Arimogija, àgbẹ̀ ni, ló dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, alága, àwa tí a ń sùn lọ́nà kí a tó débí, tí àwọn èèyàn wa bá bá wa wá, níbo ni wọn yóò jókòó sí láti gbọ́ ohun tí à ń sọ lórúkọ wọn?"

Alága rẹ́rìn-ín. "Tí òfin bá jáde, wọn yóò gbọ́."

Ọ̀pọ̀ bá a rẹ́rìn-ín. Àgbẹ̀ náà kò rín. Ó súnmọ́ pátákó. "Ilẹ̀ òfìfo wo tún nìyí? Ẹni tó rán agbádá ọrùn mi yìí, ibẹ̀ nilé rẹ̀ wà."

Alága na ìka sí mi. "Ẹ bi ayàwòrán. Òun ló wọ̀n ọ́n."

Wọ́n fẹ́ di ẹrù náà lé mi lórí! Mo dìde, ìbínú ti borí ẹ̀rù.

"Ilé mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Èmi ni mo wọ̀n wọ́n, èmi náà ni mo fi abẹ fá wọn. Akọ̀wé yín ló ní kí n fá wọn, nítorí ọkọ̀ mẹ́ta."

Mo ti tọ́jú àwòrán àkọ́kọ́ tí mo fi pẹ́ńsù yà nígbà tí mò ń wọn ibẹ̀, tí ilé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán wà nínú rẹ̀. Mo fà á yọ, mo gbé e lé àgbẹ̀ náà lọ́wọ́. Ariwo sọ. Alága ń lu tábìlì. Láti ojú fèrèsé, mo gbọ́ ohùn ìyá ahunṣọ: "Ilé mi kì í ṣe òfìfo! Ọkọ mi wà níbẹ̀!"

Lọ́sẹ̀ náà gan-an ni wọ́n lé mi. Ìwé tí wọ́n kọ ní aláìgbọràn ni mí. Akọ̀wé kò lọ síbì kankan. Bàbá mi ní mo ti dí ọ̀nà fún àwọn àbúrò mi. Àgbẹ̀ Arimogija àti àwọn díẹ̀ ta kú, wọ́n sì dín ibi tí ọkọ̀ yóò máa dúró sí kù. Ilé márùn-ún yè. Mẹ́rin wó, ti ìyá ahunṣọ wà lára wọn. Ibi ìjókòó ará ìlú, wọn kò kọ́ ọ títí dòní.

Ìyá ahunṣọ lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Isuada. Mo lọ bá a níbẹ̀. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló jókòó sí, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Òfì tó fi ń hunṣọ ti fọ́ nígbà tí wọ́n ń wólé. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ìyá, ẹ foríjì mí."

Ó ṣẹ́ ẹ̀gúsí bíi mélòó kan kó tó wò mí.

"Wọ́n ní o sọ òótọ́ lójú wọn. Etí mi náà gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n o ti fá a kó o tó sọ ọ́. Méjèèjì ni mo mọ̀ ọ́ mọ́."

Mo ní mo gbọ́. Ó ní kí n dìde nílẹ̀, ó ní kí ọmọ rẹ̀ bu omi fún mi. Mo mu ún tán, mo dúpẹ́, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn padà sí Ọ̀wọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán.