Àga Tó Gba Ẹsẹ̀ Ìyá Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Mushin, ìyá bàbá mi kì í jẹun àárọ̀ àfi tó bá ti Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó dé. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń gbé, àbúrò ló sì ń lọ kí ẹ̀gbọ́n, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ ti hewú. Bó bá ti kírun àárọ̀ tán, á fa ìborùn lé èjìká, á ní kí n wọ bàtà mi. Kì í sáré, kì í sì í wọ́ ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀, á kàn rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé kejì, á kí wọn níbẹ̀, á padà. Ó ní ẹsẹ̀ tó bá jókòó lónìí, á tún fẹ́ jókòó lọ́la. Kò pè é ní eré ìdárayá rí. Ìkíni ni lójú tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bí mi nínú fún yín. Nígbà tí ọwọ́ bàbá mi àti àwọn àbúrò rẹ̀ ròkè díẹ̀, wọ́n ra àga onítìmùtìmù kan, wọ́n gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní àsìkò tó kí ìyá àwọn jẹun ọmọ. Ojú ń tì wọ́n kí ará àdúgbò máa rí i tó ń fẹsẹ̀ rìn láràárọ̀ bí ẹni tí kò bímọ.

"Ẹ jókòó, Ìyá. Kí lẹ bí wa fún?"

Bó bá fẹ́ mu omi, wọ́n ti gbé e dé. Èmi ni wọ́n wá ń rán lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tí Iléyá dé, ó ní òun á lọ kí ẹ̀gbọ́n òun fúnra òun, orúnkún kọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló gbé e dìde. Ó ń sunkún, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi á ní mo ti ya aláfojúdi." Kò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ibẹ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Ẹ wá wo àwọn ọmọ tèmi ní Surulere níbí! Dókítà sọ ọ́ lójú wọn pé kí n máa rìn díẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí orúnkún mi ti ń le. Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní àdúgbò kejì, mo bá sọ ọ́ di àṣà kí n máa lọ kí i láàárọ̀. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n ra àga! Èyí tó ń fẹ̀yìn lélẹ̀ fúnra rẹ̀, tó ń gbé ẹsẹ̀ sókè.

Láàárọ̀ yìí, ọmọ mi obìnrin dúró dí ẹnu ọ̀nà mọ́ mi.

"Màmá, ẹ má stress ara yín jàre. Ẹ jẹ́ n kọ́ọ̀lù ọ̀rẹ́ yín, ẹ máa rí wọn lórí fídíò."

Ṣé fídíò ló máa bá mi ká orúnkún? Wọ́n fẹ́ràn mi, mo mọ̀. Ìfẹ́ yẹn gan-an ló dá ìyá bàbá mi jókòó, mi ò sì ní gbà á.

Ayé ti yí. Fóònù ló ń kí ni báyìí, àga ló ń ṣìkẹ́ ni, àmọ́ orúnkún ò yí padà. Aṣọ tí mo bá ká lórí okùn ni mo ń kó sórí àga wọn. Mo sọ fún ọmọ mi pé kó kúrò lọ́nà, àbí kó lọ wọ bàtà tirẹ̀, ká jọ máa lọ.