Pẹ́ńtà tí mo lé lónìí

Pẹ́ńtà fẹ́ fi eruku bọ́ ọmọ mi lónìí o!

Ilé wa ní Àgùdà ti gbó, òjé tó jẹ́ májèlé sì wà nínú ọ̀dà ara ògiri ẹ̀. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó fomi rin ògiri kó tó họ ọ́. Mo dé láti ọjà, ó ń họ ọ́ ní gbígbẹ, eruku ti bo ọmọ mi tó ń rákòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá mi.

"Bọ̀dá, omi ńkọ́?"

"Àǹtí, ogún ọdún ni mo ti ń fa eruku yìí símú, kò ṣe mí ní nǹkan kan."

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó wúkọ́ títí ó fi di ògiri mú.

Ó ní, "Ọyẹ́ ni."

Mo wẹ̀ fún ọmọ, mo gbé àkàbà ẹ̀ síta.

Ta ló mọ pẹ́ńtà tó létí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ní mo le jù, ẹ kọ́kọ́ wá lá ògiri wa wò.